Bí Mo Ṣe Di Òòṣà Òkun Mú Lẹ́sẹ̀ Méjèèjì

Ìròyìn náà fi ọjọ́ kan pẹ́. Ká ní wákàtí kan ló fi pẹ́ ni, à bá sáré dé etí omi, à bá tú gèlè, à bá máa jù ú sókè, à bá pariwo títí ohùn wa yóò fi bá ọkọ̀ náà lójú agbami. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan gbáko! Lámúrí, ọlọ́kọ̀ epo tí wọ́n fi iṣẹ́ náà rán, ní òun kàn yà kí àna òun lójú ọ̀nà ni, àna sì gbé ẹja àrọ̀ yíyan kalẹ̀, ẹja àrọ̀ yíyan kì í sì í ṣe ohun tí ọmọlúwàbí ń dìde fi sílẹ̀.

Ẹ súnmọ́ mi. Ẹni tó bá ga, kó jókòó sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa ń sùn nídìí ìtàn, kó lọ sùn nílé ìyá rẹ̀. Èmi Ọdẹ́wùmí, ọmọ Ọdẹ́ṣèyẹ, èmi tí mo dojú kọ ẹfọ̀n nígbà tí àwọn ọkùnrin ń du ẹ̀ka igi mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n irọ́ kankan kò há sí àárín èyí tó kù.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Èbúté-Ọ̀pẹ yìí, ọmọ ni ọkọ̀ tuntun. Bí ọkọ̀ bá dé, orí iyanrìn ni yóò wà títí di ọjọ́ kẹjọ. A ó gbé omi, iyọ̀, oyin àti obì síwájú rẹ̀, àgbà yóò pe orúkọ rẹ̀, kí ó tó fi imú kan òkun. Omítọ́gùn, àfẹ́sọ́nà mi, apẹja tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yá ju orí rẹ̀ lọ, ra ọkọ̀ ńlá kan tó ní ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n kàn nílùú òyìnbó. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ TÍRÍTÓNÌ sí i láyà. Ẹja sì ń wọ́ lákòókò náà, ara ń ta Omítọ́gùn bí ẹni tí èèrà wà nínú ṣòkòtò rẹ̀.

Mo ní, “Ṣé o ò ní dúró di ọjọ́ kẹjọ ni?”

Ó ní, “Ọkọ̀ tó ti gba orúkọ láti ilé àwọn tó bí i, kí ló tún fẹ́ fi ìsọmọlórúkọ ṣe? Ọdẹ́wùmí, jẹ́ kí n lọ. Bí mo bá padà dé, ẹja ìgbéyàwó wa yóò pọ̀ débi pé àwọn tí a kò pè á jẹ, wọn á sì di ti ilé.”

Ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ni Lámúrí dé, tó ń nu ẹnu. Ẹni tó rán an ni Bàbá Kúùkù, ọmọ ìlú wa kan ní Èkó, tó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ dáná fún àwọn atukọ̀ Gíríìkì. Iṣẹ́ tó rán nìyí: “Ẹ sọ fún Omítọ́gùn kó má gbé ọkọ̀ yẹn kúrò nílẹ̀. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Tírítónì ni ọmọ Pòsídónì, ọba òkun àwọn ará Gíríìkì àtijọ́. Òkè rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹja, ìkarahun ló ń fọn bíi fèrè. Gbogbo ayé ló ń fi orúkọ rẹ̀ sọ nǹkan, kò sì sí ẹni tó pè é síbi ìsọmọlórúkọ rí. Ó ti pẹ́ tí inú ti ń bí i.”

Kí Lámúrí tó sọ̀rọ̀ tán, ìgbì kan gbé fìlà Omítọ́gùn wá. Ó rọra gbé e kalẹ̀ níwájú wa bí ẹni tó ń dá ẹrù ẹlẹ́rù padà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìyá Omítọ́gùn. Bí ẹ bá kí obìnrin náà lóòró, yóò béèrè bóyá ẹ ti ta orúnkún yín. Kò sunkún. Ó wọlé, ó kó iyọ̀, oyin àti obì tó ti rà sílẹ̀ de ọjọ́ kẹjọ, ó kó wọn sínú àpò ọdẹ mi. Ó pọn omi kànga kún kèrègbè, ó gbé e kọ́ mi léjìká.

Ó ní, “Ìsọmọlórúkọ tó pẹ́ sàn ju èyí tí a kò ṣe lọ. Lọ bá mi mú ọmọ mi wá. Sì mú fìlà yìí dání, òtútù kì í pẹ́ mú un lórí.”

Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín. “Ọdẹ́wùmí, ìgbì lo fẹ́ lọ máa yìnbọn sí? Bí o bá pa á, ṣé o ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa?”

Mo ní, “Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ ipasẹ̀ ẹran lórí ewé gbígbẹ yóò mọ ipasẹ̀ òòṣà lórí iyanrìn.”

Bí mo ṣe rìn kò kàn yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo rìn, tí mo fi wọ Igbó Oníyọ̀, níbi tí ewé ti funfun bí eyín ọmọdé, tí àwọn ẹyẹ sì máa ń dá orin dúró láàárín kí wọ́n lè wá omi mu. Ní ẹnu igbó náà ni akàn kan dábùú ọ̀nà. Akàn yìí tóbi ju ilé ìdáná lọ, ó sì dé fìlà olóyè. Mo gbé ìbọn sókè. Ó fi èékánná rẹ̀ kan yí ẹnu ìbọn náà sí ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà tí àgbà bá ń yí ojú ọmọ kúrò lára ohun tí kò yẹ kó wò.

Ó ní, “Àlejò, já àlọ́ yìí kí o tó kọjá. Mo bí ọmọ káàkiri ayé. Wọn kò jẹun nílé mi rí, wọn kò mọ ojú mi, orúkọ mi nìkan ni wọ́n gbé lọ. Ta ni mí?”

Mo ní, “Ẹ̀yin akàn ni.”

“Èmi kẹ̀? Àwọn ọmọ tèmi pọ̀ débi pé mo kàn ń pè wọ́n ní ‘Ìwọ yẹn’ ni.”

“Bàbá kan báyìí ni ládùúgbò wa, tó ń rìnrìn-àjò kiri.”

Akàn rẹ́rìn-ín títí fìlà fi yọ lórí rẹ̀. Ó ní, “O kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n o pa mí lẹ́rìn-ín. Máa lọ. Bí ẹni tí òkun gbé lọ lo ń wá, wá Pòrótíúsì, arúgbó òkun, ẹni tó ń da ẹran omi. Kò sí ohun tó wà lábẹ́ omi tí kò mọ ibi tó wà. Ọ̀sán gangan ló máa ń sùn láàárín àwọn ẹran rẹ̀. Dì í mú. Yóò máa yí padà, má tú u sílẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, yóò di ara rẹ̀, yóò sì sọ òtítọ́ fún ọ.”

“Ṣé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?”

“Gbogbo ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ ló padà wá láìní bàtà.”

Mo rí i lóòótọ́. Àwọn ẹran rẹ̀ nà gbalaja lórí àpáta bí àpò gaàrí. Wọ́n ní irùngbọ̀n bíi ti ológbò, wọ́n ń gbó bí ajá. Arúgbó náà sùn sí àárín wọn, ewéko omi ni irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń hanrun, ìgbì sì ń bá a lọ sókè sódò. Mo yọ́ lọ. Ẹ mọ̀ pé bí mo bá yọ́ rìn, òjìji mi pàápàá kì í mọ̀ pé mo ti kúrò. Mo fò mọ́ ọn, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú.

Ó di ẹkùn. Mo ní, “Ẹkùn ni? Mo ti jẹ ẹ́ rí.”

Kí ni ìwọ Pópóọlá ń rẹ́rìn-ín sí? Mo jẹ ẹ́. Ó le díẹ̀ ni, a pẹ́ lórí iná.

Ó di erè, ó wé mọ́ mi lára. Mo ní ó ṣeun, afẹ́fẹ́ òkun ti ń mú mi tẹ́lẹ̀. Ó di iná, mo fi apá gbérí, ẹ̀wù ọdẹ mi, tó ti rin gbingbin dì í mú. Ó di omi, mo fi ẹnu fà á, mo pọ́n ọn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sì rí ibi sá sí. Mo ti mọ̀ pé mo ti borí. Mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ fún àwọn ọdẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ó ti já bọ́ lẹ́nu mi, tó sì di ìyá Omítọ́gùn.

Ìyá ọkọ mi lọ́la! Ìró aṣọ rẹ̀ náà ni, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ náà ni, ojú tó máa ń fi wo ènìyàn láti òkè dé ilẹ̀ náà ni. Mo sì ti tún di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Ó ní, “Ọdẹ́wùmí! Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa kí ìyá ọkọ nílé yín? O dì mí lẹ́sẹ̀ mú bí adìẹ Kérésì!”

Ẹ̀yin obìnrin tó jókòó síbí, ẹ̀yin ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí. Kí ni ẹ̀ bá ṣe? Orúnkún mi kò bi mí léèrè. Ó balẹ̀ gbì. Ọwọ́ mi méjèèjì pàdé níwájú mi, mo ní, “Ẹ káàsán, mà.” Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, arúgbó náà ti wà lórí ìgbì kẹta, tó di inú mú, tó ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn ẹran rẹ̀ sì ń bá a pàtẹ́wọ́.

Inú bí mi. Mo jókòó sẹ́yìn àpáta títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àmọ́ ẹran tó bá fi ọ̀nà kan sá fún ọdẹ lẹ́ẹ̀kan, ó ti fi ọ̀nà náà hàn án. Ó sùn, mo fò mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ fi àkókò ṣòfò lọ́dọ̀ ẹkùn àti erè. Ó di ìyá Omítọ́gùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó fajú ro, ó ní, “Ọdẹ́wùmí, tún ni?”

Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà ní ìkáwọ́ mi pinpin. Mo ní, “Ẹ káàsán o, mà! Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ yín mà tutù o, mà!”

Ta ló sọ pé ẹni tó kúnlẹ̀ kò gbọdọ̀ di nǹkan mú?

Ó gbọn ẹsẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́. Ó fa ẹsẹ̀, mo ní ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Ó gbìyànjú láti fajú ro bíi ti ìyá Omítọ́gùn, ẹ̀rín tú u ká. Ìlẹ̀kẹ̀ já, gèlè di ewéko omi, ó sì di arúgbó tó fi ìdí jókòó, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, “Àwọn alágbára ti dì mí mú rí, ọmọ. Ọba ti dì mí mú rí. Kò sí èyí tó kí mi. Béèrè ohun tí o fẹ́.”

Mo béèrè Omítọ́gùn.

“Ó wà lágbàálá Tírítónì, òun àti ọkọ̀ rẹ̀. Tírítónì ní nígbà tí aráyé ń fi orúkọ òun sọ nǹkan tí wọn kò pe òun, òun náà yóò mú ènìyàn kan, òun yóò fi orúkọ ara òun sọ ọ́, kí òun lè ní ọmọ kan tó máa jókòó ti òun. Ní ìrọ̀lẹ́ òní ni. Bí ọkùnrin náà bá ti tọ́ omi ìsọmọlórúkọ wò, tó sì jẹ́ orúkọ yẹn, orúkọ rẹ̀ àtijọ́ yóò kúrò lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ìwọ náà yóò máa wo fìlà yẹn, o kò ní mọ ẹni tó ni ín.”

 Mo ní, “Ẹ gbé mi dé ibẹ̀, bàbá.”

“N ó gbé ọ. Mi ò dá Tírítónì lẹ́bi o. Àwọn onímọ̀ rí kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, tó máa ń kó àrùn sínú ìtọ̀ ènìyàn. Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n fún un? Pòrótíúsì! Wọ́n rí òṣùpá kékeré kan lọ́nà jíjìn, tó rí gánnagànna bí iṣu tí òkété jẹ. Pòrótíúsì! Ṣé bí mo ṣe rí nìyí?”

Mo ní bàbá rẹwà. Inú rẹ̀ dùn, ó di ẹṣin tí ìrù rẹ̀ jẹ́ ti ẹja, ó gbé mi sẹ́yìn, a sì bọ́ sínú òkun. Mo kígbe, mo kọrin, mo na ìbọn mi sókè, àwọn ẹja ń yà fún wa bí ará ọjà ṣe ń yà fún ọba. Mi ò rí ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé yìí, títí kan ìgbéyàwó mi.

A dé Ìlú Olórúkọ-Kò-Gbọ́, ibi tí àwọn òòṣà òkun Gíríìkì fi ṣe ibùgbé lẹ́yìn tí aráyé kò bọ wọ́n mọ́. Ohun gbogbo tí ń jẹ́ orúkọ wọn láyé ní òjìji níbẹ̀. Òṣùpá kan tí ń jẹ́ Tírítónì ń fi ẹ̀yìn rìn yí àgbàlá ká, ó ń kọlu ènìyàn, ó ń ní, “Ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe dá mi nìyí.” Gíláúkù, apẹja tó jẹ koríko kan tó fi di òòṣà, gbé ìgbín omi kan tó dúdú bí aró sí àtẹ́lẹwọ́. Kò gùn ju ìka lọ. Ó ń fi í han gbogbo àlejò: “Ẹ wo olórúkọ mi! Ó ń fi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́! Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí?” Ámfítíráítì, ìyá Tírítónì, arẹwà tí irun rẹ̀ kan ilẹ̀, tẹjú mọ́ aràn òkun kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, “Aràn. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé, aràn.” Pòsídónì ọba alára ń sùn lórí koríko òkun tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó ń sọ lójú oorun pé òun nìkan ni wọ́n fún ní ohun tó wúlò.

Láàárín àgbàlá ni Tírítónì dúró sí lórí ìrù rẹ̀, ó gbé igbá omi lọ́wọ́. Ọkọ̀ Omítọ́gùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ pé, “Mo bí ọmọ káàkiri ayé! Wọn kò jẹun nílé mi rí, wọn kò mọ ojú mi…”

Mo pariwo, “Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin ni akàn fi pa àlọ́! Ẹ dúró ná, sà. Omi wo ló wà nínú igbá yẹn?”

Ó yí ojú sí mi. “Omi òkun ni. Ta ni ọ́?”

Mo dojú de ilẹ̀, mo kí i, mo sì dìde. “Èmi ni ìdílé ìyàwó. Omi iyọ̀ lẹ fẹ́ fi sọmọ lórúkọ? Ẹ dákun, ta ló kọ́ yín? Omi lọ́tọ̀, iyọ̀ lọ́tọ̀! Omi ni ọmọ kọ́kọ́ ń tọ́ wò, kí ara rẹ̀ lè tutù. Bí iyọ̀ bá ti wà nínú omi, níbo ni ẹ ó ti rí adùn tí ẹ ó fi kún ayé rẹ̀?”

 Òṣùpá tó ń fi ẹ̀yìn rìn dúró.

Tírítónì rọra ní, “Mi ò mọ̀. Wọn kò pè mí síbi kankan rí, báwo ni mo ṣe máa mọ̀?”

Ẹ̀yin ènìyàn, bó ṣe sọ ọ́ ni àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbé àpò kalẹ̀. Mo tẹ́ gbérí mi sílẹ̀, mo to iyọ̀, oyin àti obì sórí rẹ̀, mo ṣí kèrègbè. Omi kànga Èbúté-Ọ̀pẹ! Mo ní, “Ẹ wá, sà. Kò sí ẹni tó pè yín tẹ́lẹ̀, èmi pè yín báyìí. Ẹ ò ní sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ. Ọkọ̀ yìí ni ọmọ yín. Ẹ̀yin ni àgbà, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì fún wa ní ènìyàn wa.”

Ó tọ́ omi náà wò. Ojú rẹ̀ là. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a, kò tọ́ omi tí kò níyọ̀ wò rí! Ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó gbàgbé aràn. Gíláúkù tọ́ ọ wò, ó bú sẹ́kún, ó ní adùn kànga ilé bàbá òun ló rí bẹ́ẹ̀. Tírítónì wá gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ náà láyà, ó wọ́n omi sí i, ó ní, “Tírítónì ni orúkọ rẹ. Omi kò ní ṣe ọ́ ní ọ̀tá. O kò ní rì. Máa lọ, máa bọ̀, sì máa rántí ilé.” Gbogbo wa ṣe àmín. Ó gbé ìkarahun rẹ̀ sẹ́nu, ó fọn ọ́n. Ìró náà gbé gbogbo wa kúrò nílẹ̀. Pòsídónì jí, ó ní ta ló bímọ.

Tírítónì ní, “Mú ọkùnrin rẹ máa lọ, ọmọ ọdẹ. Ó wà lẹ́yìn ọkọ̀.”

Mo sáré lọ. Omítọ́gùn méjì ló wà níbẹ̀.

Ọ̀kan fò dìde. “Ọdẹ́wùmí mi! Ògbójú obìnrin! O la igbó já nítorí mi! Láti òní lọ, èmi ni n ó máa gbé ìbọn rẹ. Èmi ni n ó máa gúnyán. Bí o bá sọ̀rọ̀, n ó dákẹ́; bí o bá dákẹ́, n ó yìn ọ́.”

Èkejì jókòó sórí okùn, ó ń họ orí. Ó ní, “O mà pẹ́ o. Ṣé o mú fìlà mi dání?”

Mo yíjú sí ti àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀. “Bàbá Pòrótíúsì, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, sà.”

Ara rẹ̀ di àwọ̀ ewé. “Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Omítọ́gùn kì í yin ènìyàn kí ó tó jẹun.”

Ó di arúgbó onírùngbọ̀n, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ní, “Gbọ́ mi ná. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti wà, ìwọ nìkan lo bi mí léèrè bóyá ara mi le. Fẹ́ mi. Ní àràárọ̀ ni n ó máa di ọkọ tó bá wù ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí ẹni gíga bá sú ọ, n ó di kúkurú. Bí ìjà bá dé, n ó di ìyá rẹ, n ó sì gbè sẹ́yìn rẹ.”

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo tún rántí gígun ẹṣin inú òkun yẹn.

Omítọ́gùn dìde. Kò wo ojú mi. Ó ní, “Ọdẹ́wùmí, mi ò ní ohun tí mo lè dà, àfi èyí. Èmi tí mo kánjú náà ni. Bí òun lo bá yàn, mi ò ní bá ọ jà. Ṣáà bá mi gbé fìlà yẹn fún ìyá mi, kó lè mọ̀ pé mi ò kú.”

Mo yọ fìlà náà nínú àpò, mo gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù, mo fi dé e lórí. Ọwọ́ mi méjèèjì wá ṣófo. Mo yíjú sí arúgbó òkun.

Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dì yín mú, ọwọ́ ṣì ń ro mí. Ọkọ tí mo ní láti dì mú kí n tó mọ ẹni tó jẹ́, mi ò lè fẹ́ ẹ. Èyí tí mo lè tú sílẹ̀, kí n kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, kí n gbójú sókè, kí n sì bá a níbi tí mo fi í sí, òun ni mo fẹ́. Omítọ́gùn ni mo yàn.”